Ọkọ gọ́ọ̀fù elépo àbí oníbátìrì, fún ilé tí a máa ń wá ṣọdún ní Ẹ̀fọ̀n

ỌmọAlààyè

Èkìtì kete, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí owó tó jáde lápò mi.

Èkó lèmi àti ìyàwó mi ń gbé. A ní ilé sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè, àmọ́ ọdún Àjíǹde, oṣù kẹjọ àti Kérésìmesì la fi ń débẹ̀. Ìyókù ọdún, ọmọkùnrin kan tó ń bá wa ṣọ́lé ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé ibi tó tẹ́jú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ilé tiwa wà lórí òkè, ilé ìyá mi wà ní ìdajì ọ̀nà, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adágún ẹja wà nísàlẹ̀ pátápátá. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, eékún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa gòkè wá bá àwọn ọmọ ṣeré nírọ̀lẹ́. Bí a bá gbé jíìpù lọ mú wọn, àfi kí ènìyàn méjì gbé wọn wọlé. Inú wọn kì í dùn sí i rárá.

Ẹnìkan tó ń ta ọkọ tòkunbọ̀ ní Èkó ní ọkọ gọ́ọ̀fù méjì nílẹ̀, àwọn ọkọ kékeré tí wọ́n fi ń rìn kiri pápá gọ́ọ̀fù, oníjòkòó mẹ́rin ni méjèèjì. Ọ̀kan ń lo epo, èkejì ń lo bátìrì 48 volt. Oníbátìrì fi díẹ̀ wọ́n ju elépo lọ. Ìyàwó mi ní oníbátìrì lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ariwo, òun ò fẹ́ èéfín. Ẹ̀rù tèmi ni pé a lè dé lóṣù kejìlá ká bá bátìrì ní òkú. Kí lẹ rí sí i?

Ọ̀dọ́FUOYE

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Láti Ọmùò dé Ẹ̀fọ̀n, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹ fi ìyókù owó ṣe fáàjì fún wa 😀

BàbáKòkó_Ìjerò

Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni Márúwá ní. Gbé e gba ọ̀nà oko tó dagun, tí òjò ti gbẹ́ gọ́tà sí láàárín, kí o wá wò ó bóyá kò ní dojú dé pẹ̀lú ìyá oníyàá nínú rẹ̀.

ỌmọAlààyè, elépo ni kí o rà, má wulẹ̀ ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí mi rèé. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kò le ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Pulọ́ọ̀gì, kabúrétọ̀, ọ́ìlì, bẹ́líìtì, ó tán. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní àdúgbò rẹ yóò tú u, yóò sì tò ó. Bí epo bá tán lójú ọ̀nà, rán ọmọ níṣẹ́ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Oníbátìrì ńkọ́? Bó bá kú sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún ẹja rẹ, ta ni yóò tì í gòkè? Bátìrì mẹ́fà ló wà lábẹ́ àga rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní kílò 25. Gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò ni wàá fi iyán bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná, mi ò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Gbogbo wa là ń gbé ibi kan náà.

ÌyáÌbejì_Ìkọ̀lé

Ẹ kú àlàyé sà, Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn.

Oníbátìrì ni mò ń lò nínú ọgbà adìyẹ wa, orí ilẹ̀ tó dagun díẹ̀ ló wà. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ẹyin ni mo máa ń fi kó. Elépo máa ń gbọ̀n tìtì, ó sì máa ń já gììrì bó bá fẹ́ gbéra, torí kì í ṣiṣẹ́ nígbà tó bá dúró: ẹ máa tẹ ẹsẹ̀ sí i ni ẹ́ńjìnnì tó tan. Oníbátìrì kò ní ìyẹn. Màmá tí eékún ń dùn yóò mọ ìyàtọ̀ náà ní ọjọ́ kìíní.

Ẹ sì rántí iye tí epo jẹ́ kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní 29 May 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Kò tó 200 naira. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń ṣọ́ra: kò ní ariwo, ewúrẹ́ kì í gbọ́ ọ, ọmọdé kì í gbọ́ ọ. A fi agogo kan sí tiwa.

Rẹwáyà_Adó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Àtelépo àtoníbátìrì, bí ilé bá ṣófo, àwọn méjèèjì ló ń kú, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kú ni kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú elépo. Bàbá Kòkó, òótọ́ lẹ sọ nípa mẹkáníìkì, àmọ́ epo kì í dúró de ẹni tó lọ sí Èkó. Bó bá wà nínú kabúrétọ̀ fún oṣù mélòó kan, yóò gbẹ, yóò wá máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí oje igi. Àwọn ihò tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀ kéré gan-an, ibẹ̀ ló máa dí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi máa ń pọ̀ fún àwa ọlọ́wọ́-dúdú bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́: gbogbo ènìyàn dé, jẹnẹrétọ̀ kò tan. Ẹni tó bá ra elépo gbọ́dọ̀ fa epo inú táǹkì rẹ̀ tán kó tó padà sí Èkó, kó tú skúrùù ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ kí ti inú rẹ̀ náà ṣàn jáde. Bó bá dé, kó ra epo tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé elépo kò ní bátìrì, ó ní o. Bátìrì 12 volt kan wà nínú rẹ̀ tí ó fi ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Kò ní okùn tí a ń fà, kò ní ibi tí a ń fẹsẹ̀ ta. Bí bátìrì kékeré yẹn bá ti kú, ẹ lè bu epo kún táǹkì dé ẹnu, ọkọ ò ní gbéra. Ẹ tú wáyà orí rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ó kan oníbátìrì. Bátìrì olómi máa ń jò fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ooru sì ń mú un yára jò. Bó bá ti lọ sílẹ̀ tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, súlífétì yóò bo àwọn awo òjé inú rẹ̀, kò ní gba iná bó ṣe yẹ mọ́. Èyí tó ń dun àwọn oníbàárà jù ni pé ọ̀pọ̀ ṣájà kò ní tan rárá bí bátìrì bá ti kú kọjá ìwọ̀n. Ṣájà náà ní láti kọ́kọ́ rí iná díẹ̀ lára bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ó so ó mọ́ ọn, yóò dákẹ́ lọ gbári.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ, ẹ ṣá a kún. Ẹ wo abẹ́ àga, ẹ ó rí súwíìṣì kan tí wọ́n kọ Run àti Tow sí. Ẹ yí i sí Tow, kí ọpọlọ ọkọ má bàa máa fa iná díẹ̀díẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣọ́lé sì so ṣájà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nínú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, torí bátìrì olómi máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde nígbà tó bá ń gba ṣáàjì.

Omi rẹ̀ ńkọ́? Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike ni o, lẹ́yìn tí ẹ bá ṣá a tán. Kì í ṣe pure water, kì í ṣe omi bọ̀ọ̀húù. Ẹ má sì gbé e lọ fún oníṣájà ẹ̀bá títì kó lọ da ásíìdì sí i. Omi ló ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í gbẹ. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ yẹn.

ỌmọAlààyè, ẹ wá dá mi lóhùn. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́lé yín, ṣé ẹni tí ẹ lè pè lórí fóònù kó ṣe nǹkan tí ẹ ní kó ṣe ni? Ṣé ẹ ní sólà lórí ilé? Ìdáhùn méjì yìí ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹni tó ń ta ọkọ ń sọ lọ.

Ọ̀dọ́FUOYE

Ẹ̀gbọ́n Rẹwáyà, ẹ ti fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti ń da omi bọ̀ọ̀húù sí bátìrì inverter wa nílé láti ọjọ́ yìí 😭

Rẹwáyà_Adó

Dá a dúró lónìí. Iyọ̀ inú omi yẹn ń ba awo rẹ̀ jẹ́.

ỌmọAlààyè

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Rẹwáyà, ẹ ti là mí lójú.

Ẹni tó ń ṣọ́lé wa gbọ́n, ọlọ́kadà ni, ó ń tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Tí mo bá ní kó ya fọ́tò mítà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kì í pẹ́ tó fi ń ṣe é. A ní sólà: inverter 5 kVA, pánẹ́ẹ̀lì sì wà lórí òrùlé. Bí a kò bá sí nílé, fìríìjì kan àti iná ìta nìkan ló ń gbé. Iná ìjọba máa ń wá, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ọkàn tán an.

Rẹwáyà_Adó

Ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn! Oníbátìrì.

Ẹ wò ó. Ṣájà ọkọ 48 volt máa ń fa nǹkan bí 1,000 watt. Inverter 5 kVA kò ní mọ̀ ọ́n lára. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí ọmọkùnrin náà so ó, kó jẹ́ oòrùn gan-an ni ọkọ ń mu. Kó má ṣe so ó lóru o, bátìrì ilé lẹ ó fi máa ṣá bátìrì ọkọ nìyẹn, òfò ni.

Mo fẹ́ sọ kiní kan fún Ìyá Ìbejì náà, ẹ má bínú mà. Fún ìdílé tó ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, owó epo kọ́ ni yóò pinnu. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde owó iná Band A ní oṣù kẹrin 2024, 225 naira ni unit kan. Ọkọ tó ti lo ìdajì bátìrì rẹ̀ yóò gba unit mẹ́rin sí márùn-ún, ìyẹn nǹkan bí 1,000 naira. Ìrìn tí elépo yóò fi lítà kan sí méjì rìn nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó ohun tí à ń jà sí. Ibi tí owó wà ni ọjọ́ tí bátìrì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá fẹ́ pààrọ̀. Bátìrì olómi tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lo ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Èyí tí wọn ò tọ́jú, kò ní pé ọdún méjì.

BàbáKòkó_Ìjerò

Ẹ ti ń ṣíni lọ́nà. Ilé tó ṣófo, kí lẹ rò pé olè yóò jí níbẹ̀? Ẹ́ńjìnnì kò ṣe é gbé sórí ọ̀kadà. Bátìrì ni wọ́n ń wá kiri! Wọ́n ti jí bátìrì sólà ní ilé ìlera, wọ́n ti jí ti òpó fóònù, ẹ fẹ́ gbé mẹ́fà mìíràn kalẹ̀ fún wọn.

ÌyáÌbejì_Ìkọ̀lé

Bàbá sọ òótọ́ níbí yìí, mi ò ní purọ́. Inú sítọ́ọ̀ tó ní ilẹ̀kùn irin ni tiwa ń sùn.

Ẹ tún fi eku kún un. Eku kò mọ elépo, kò mọ oníbátìrì, wáyà ni tirẹ̀. Ẹ má kó àpò àgbàdo tàbí oúnjẹ adìyẹ sí ibi tí ọkọ bá wà. Bí ẹ bá kó o síbẹ̀, ẹ ti pè é nìyẹn.

Ará_Houston

Ẹ kú àtijọ́ o. Ìdó-Èkìtì ni mo ti wá, àmọ́ ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Texas. Níbí, ọkọ gọ́ọ̀fù ni àwọn ìdílé kan fi ń gbé ọmọ lọ sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí náà mo ti rí púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń kó o wá sí Èkó kì í sọ fún yín.

Ṣájà lákọ̀ọ́kọ́. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Ọ̀pọ̀ ṣájà tó bá ọkọ wá láti ibí ni yóò jó lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan máa ní ẹ lọ ra tiransifọ́mà tó ń dín iná kù. Kò tó. Ṣájà àtijọ́ tó wúwo, tó ń kùn hùn-ùn, wọ́n ṣe é fún iná 60 hertz. 50 hertz ni ti Nàìjíríà, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ níbẹ̀. Ẹ wo ara ṣájà náà. Bí wọ́n bá kọ 100-240V, 50/60Hz sí i, ẹ mú un. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ owó ṣájà tuntun kúrò nínú iye tí ó pè é.

Èkejì, ọjọ́ orí bátìrì. Bó bá jẹ́ bátìrì Trojan, ẹ wo orí òpó òjé tí wáyà ń so mọ́. Lẹ́tà kan àti nọ́ḿbà kan wà níbẹ̀. Lẹ́tà dúró fún oṣù: A ni oṣù kìíní, B oṣù kejì, títí dé L. Nọ́ḿbà dúró fún ìparí ọdún, bíi 9 fún 2019. Ẹni tó ń tà á lè fi ọ̀dà kun ọkọ, kó ran àga tuntun. Ibẹ̀ yẹn ni kì í rántí.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú mítà dání. Bátìrì 48 volt tó kún, tó ti sinmi, yóò wà ní nǹkan bí 51. Bí ẹ bá rí 48 géérégé, tí ó ní "ó kún, sà", kò kún, ó ti lo tó ìdajì. Kí ènìyàn mẹ́rin jókòó sínú rẹ̀, kí wọ́n wà á, kí ẹ máa wo bátìrì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jábọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti fẹ́ kú. Ilẹ̀ Èkó tẹ́jú, ẹ má jẹ́ kí ó fi ibẹ̀ tàn yín. Ẹ wá ibi afárá tó bá gòkè.

Ẹ̀kẹrin, òkè Ẹ̀fọ̀n. Gígùn òkè kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, sísọ̀ kalẹ̀ ni. Àwọn ọkọ oníbátìrì àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dojú kọ ìsàlẹ̀, wọn yóò kàn máa yára sí i, bíréèkì nìkan ló kù fún yín. Ẹ wá èyí tí mọ́tò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dá ọkọ dúró bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. E-Z-GO tó ní PDS ń ṣe bẹ́ẹ̀, Club Car tó ní IQ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ (PDS àti IQ ni orúkọ ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò wọn). Ẹ béèrè ní pàtó.

Olùkọ́_Àrámọkọ

Ẹ sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fún wa. Ìyá tó bá ti rí ọkọ yóò ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ìsìn. Ṣé ẹ máa bọ́ sí títì Ìtawùré sí Ìwàràjà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Tírélà àti táǹkà ló ń gba ibẹ̀, wọ́n ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ọkọ gọ́ọ̀fù kì í sá ju 20 sí 25 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kò ní nọ́ḿbà, ọ̀pọ̀ wọn kò ní bẹ́líìtì àga. Àwọn ẹṣọ́ ojú pópó yóò dá yín dúró, ìyẹn ni bó bá jẹ́ àwọn lẹ kọ́kọ́ pàdé.

ỌmọAlààyè

Ẹ ṣé, Olùkọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Màmá wà nínú àdúgbò, a ò ní fi kan títì ńlá. Fún ìta, jíìpù náà ni. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá gbé e jáde ní géètì òkè kò ní rí kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Ará Houston, Ọlọ́run yóò bù kún yín. Mo pe ẹni tó ń tà á lẹ́ẹ̀kan. Club Car tó ní IQ ni ó ní ó jẹ́. Nígbà tí mo béèrè lẹ́tà orí bátìrì, ó ní "ọ̀gá, ẹ kàn wá wò ó." Mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Bátìrì lithium ńkọ́? Ìyàwó mi ní kí n béèrè.

Rẹwáyà_Adó

Ìyàwó yín ló yẹ kó ra ọkọ yìí 😀

Bí agbára bá ká a, òun gan-an ló bá ilé tí ẹ kì í gbé mu. Kì í jò bíi ti olómi. Ẹ fi í sí nǹkan bí ìdajì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ pa á níbi súwíìṣì rẹ̀ gan-an, kó wà lábẹ́ òjìji, ẹ ó bá a bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò fẹ́ omi, kì í tú ásíìdì sára irin ọkọ. Ó fúyẹ́ gan-an sí bátìrì olómi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn yóò ràn yín lọ́wọ́ lórí òkè. Ọ̀rọ̀ olè tí Bàbá Kòkó sọ náà: ọkùnrin méjì lè tú u, kí wọ́n gbé e wọ inú ilé kí ẹ tó lọ.

Owó rẹ̀ ló ń dunni, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo bá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá fi bátìrì tó ti gbó náà já owó ọkọ wálẹ̀, màá sì fi ohun tí mo bá já lé owó lithium.

BàbáKòkó_Ìjerò

Mi ò yí ohùn padà. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà yẹn, ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ sí Adó, tó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ, ta ni yóò so ṣájà? Elépo kò nílò ẹnikẹ́ni. Fa epo rẹ̀, ti ilẹ̀kùn, máa lọ.

ÌyáÌbejì_Ìkọ̀lé

Bàbá, bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi ni, ẹ jàre. Bó bá jẹ́ lithium, kò sẹ́ni tó nílò láti so nǹkan kan.

ỌmọAlààyè

Bàbá Kòkó, mo gbọ́ yín, sà. Bí kò bá sí sólà lórí ilé wa ni, elépo ni ǹ bá rà, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Oníbátìrì ni a máa mú. Lọ́jọ́ Sátidé mo fẹ́ lọ pẹ̀lú mítà àti ọmọ mẹ́ta tó wúwo. Bí lẹ́tà orí bátìrì bá fi hàn pé wọ́n ti gbó, iye tí màá san yóò yàtọ̀ gidi, a ó sì lọ sí lithium. Ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tó kù: ṣé ṣájà tó bá ń ṣá bátìrì olómi lè ṣá lithium?

Rẹwáyà_Adó

Rárá o. Bí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì, ẹ pààrọ̀ ṣájà pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ ra èyí tí wọ́n kọ LiFePO4 (irú lithium náà nìyẹn) àti 48V sí lára, tó ń lo 230 volt. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta bátìrì fún yín sọ pé ti tẹ́lẹ̀ yóò ṣe é. Mítà tó ń fi ìwọ̀n bátìrì hàn níwájú ọkọ náà yóò máa purọ́ fún yín lẹ́yìn náà, torí foltéèjì lithium kì í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi ti olómi. Kí wọ́n fún yín ní mítà tirẹ̀, kí wọ́n sì so ó kí ẹ tó sanwó.